Ọmọ Mi Ń Gbé Ilé Pákó Nínú Òtútù: Ṣé Ìyà Ló Ń Jẹ Ẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọkùnrin mi kejì ń kàwé gboyè kejì ní Fairbanks, ní ìpínlẹ̀ Alaska ní Amẹ́ríkà. Nínú fídíò tó fi ránṣẹ́ láìpẹ́ yìí, mo rí i pé ilé pákó kékeré kan nínú igbó ló ń gbé. Kò sí omi ẹ̀rọ nínú rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì ló fi ń gbé omi, ṣáláńgá lẹ́yìnkùlé sì ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo pè é ní aago mẹ́jọ alẹ́, ó ní oòrùn kò tíì yọ lọ́dọ̀ àwọn. Ó ní kí n má ṣe yọ ara mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ṣé kì í ṣe pé ìyà ń jẹ ọmọ mi, tó sì ń fi pamọ́ fún mi? Kí ni mo sì lè fi ránṣẹ́ sí i?
Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Àdó, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ kú àárò ọmọ. Ọmọ yín kò purọ́ fún yín. Èmi tí mo ń dá yín lóhùn yìí gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Fairbanks kan náà fún ìgbà òtútù méjì kí n tó padà sí Ìbàdàn, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ilé gbígbẹ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí pé kò sí páìpù omi nínú rẹ̀. Iná mànàmáná sábà máa ń wà ní tirẹ̀, kì í sì í ṣe ṣégeṣège bíi tiwa. Kì í ṣe tálákà nìkan ló ń gbé e. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pọ̀ nínú wọn, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbowó gidi náà sì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ló fà á. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní agbègbè yẹn, abẹ́ ilẹ̀ ti dì gbagidi láti ayébáyé, òkè rẹ̀ nìkan ló sì máa ń yọ́ nígbà tí oòrùn bá mú. Bí ènìyàn bá ri páìpù sínú rẹ̀, omi lè dì nínú páìpù títí yóò fi bẹ́. Bí ó bá sì kọ́ ilé tó ń móoru lé e lórí tààrà, ilẹ̀ náà yóò yọ́ díẹ̀díẹ̀, ilé yóò sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé fi dúró lórí òpó, tí onílé kò sì fa omi sí i, tí owó ilé náà sì rọjú.

Kẹ́ẹ̀gì ti ibẹ̀ máa ń gba nǹkan bíi lítà 19, ó kéré sí kẹ́ẹ̀gì 25 tiwa. Ọmọ Ìbàdàn tó ti tò sí ìdí kànga rí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ omi lò. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ni ti garawa abẹ́ ibi ìfọbọ́, nítorí pé inú garawa yẹn ni gbogbo omi ìdọ̀tí ń dà sí, ènìyàn sì gbọ́dọ̀ máa rántí dà á nù. Mo gbàgbé ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òtútù bọ́ sí 40 nísàlẹ̀ òdo. Nígbà tí mo jí, omi ìfọbọ́ ti ṣàn dé ẹnu ọ̀nà, ó ti dì mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì kọ̀, kò ṣí. Omi gbígbóná kẹ́tùlù méjì ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kí n tó lè jáde lọ sí kíláàsì. Ní ti ìwẹ̀, ilé ìfọṣọ alágbàfọ̀ onímáṣíìnì ni wọ́n ti ń sanwó wẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣáláńgá dùn yín rárá. Fóòmù líle aláwọ̀ búlúù, irú èyí tí wọ́n fi ń dí ara ògiri kí òtútù má baà wọlé, ni wọ́n gé ṣe ìjókòó rẹ̀, kì í sì í tutù mọ́ni lára bíi pákó tàbí rọ́bà. Nígbà òtútù, kò rùn, kò sì ní eṣinṣin. Ṣáláńgá tí mo bá nílé bàbá mi àgbà kò tó o ní ìmọ́tótó, kí wọ́n má ṣe bínú sí mi.

Iná gan-an ló yẹ kí ẹ bi í nípa rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sítóòfù onígi ló ń lò, ẹ bi í bóyá igi náà ti gbẹ. Igi tútù, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀ láti ilé ìdáná, èéfín ló ń rú. Èéfín náà yóò dì mọ́ inú páìpù tó gba òrùlé jáde, ó sì lè gbiná lọ́jọ́ kan. Ẹ tún bi í bóyá ó ní ẹ̀rọ kékeré tó máa ń han gooro bí èéfín olóró tí kò ní àwọ̀ tàbí òórùn bá ti ń kún inú ilé. Irú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa ìdílé mọ́ ojú oorun níbí náà ni. Ẹ̀rọ yẹn kò wọ́n. Bí kò bá ní i, kí ó rà á kí ó tó sùn lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá pè é.

Òótọ́ ni pé oòrùn kò tíì yọ. Aago mẹ́jọ alẹ́ yín jẹ́ aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ní Fairbanks nígbà òtútù, oòrùn oṣù Kejìlá sì máa ń sún mọ́ aago mọ́kànlá kí ó tó yọ, kò sì ń lò tó wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀run. Òkùnkùn yìí ló bá mi jà ju òtútù lọ. Bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ẹ pè é lemọ́lemọ́.

Nípa ohun tí ẹ ó fi ránṣẹ́, èlùbọ́, gàrí Ìjẹ̀bú àti ata gígún dára. Ẹ má ṣe fi ẹran gbígbẹ sí i, nítorí pé àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà yóò gbà á dànù. Ẹ di èlùbọ́ náà ní ọ̀rá méjì, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí wọ́n má baà máa bi ọmọ yín pé ìyẹ̀fun kí ni.