Ẹ̀dà dátábéèsì ìkànnì mi sọ lẹ́tà ẹ àti ọ di àmì ìbéèrè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ìkànnì WordPress kékeré kan tí mo fi ń ta àdìrẹ. phpMyAdmin, irinṣẹ́ orí wẹ́ẹ̀bù fún dátábéèsì, ni mo fi ń ṣe ẹ̀dà dátábéèsì rẹ̀, inú sáfà (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà wà lórí rẹ̀) náà ni mo sì ń kó o pamọ́ sí. Mo gbé ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà mi láti dán an wò, ni gbogbo lẹ́tà ẹ àti ọ bá di "?". Kí ló fà á, báwo ló sì ṣe yẹ kí n máa ṣe é?

Ìdáhùn: Ó dára púpọ̀ tí ẹ dán an wò kí wàhálà tó dé. Ẹ má tíì fọwọ́ kan dátábéèsì tó wà lórí ìkànnì. Ẹ ṣí fáìlì .sql náà, kí ẹ wá orúkọ ọjà kan tó ní lẹ́tà ẹ nínú. Bí lẹ́tà náà bá hàn dáadáa, ẹ̀dà náà pé. Ìgbà tí ẹ ń gbé e wọlé ni ó bàjẹ́. Bí ẹ bá rí "áº¹" dípò rẹ̀, ó ṣì ní àtúnṣe, nítorí báìtì mẹ́ta tó para pọ̀ jẹ́ lẹ́tà ẹ wà níbẹ̀, wọ́n kàn ń kà wọ́n bíi lẹ́tà mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ "?" ló wà nínú fáìlì gan-an, lẹ́tà yẹn ti lọ. Latin1, ètò lẹ́tà àtijọ́ kan, ló sábà máa ń fà á: kò ní àyè fún lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ. Níwọ̀n ìgbà tí ìkànnì yín ṣì ń hàn dáadáa, ẹ ṣe ẹ̀dà mìíràn lónìí.

Bí sáfà yín bá gba SSH (ọ̀nà láti fi àṣẹ ránṣẹ́ sí sáfà láti ọ̀nà jíjìn), ẹ lo èyí dípò phpMyAdmin, tó lè já sí àárín bí dátábéèsì bá tóbi, nítorí pé sáfà máa ń dín àkókò PHP kù:

mysqldump --single-transaction --quick --default-character-set=utf8mb4 adire > adire.sql

Adire ni orúkọ dátábéèsì níbí; utf8mb4 ni ètò lẹ́tà tó ní àyè fún àwọn lẹ́tà yẹn. Iṣẹ́ --single-transaction ni pé bí oníbàárà kan bá ń rajà lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń ṣe ẹ̀dà, ìdajì ọjà rẹ̀ kò ní wọlé kí ìdajì kù síta. Irú tábìlì tí wọ́n ń pè ní InnoDB nìkan ló wà fún. Kò dáàbò bo irú mìíràn, MyISAM. Àṣẹ SHOW TABLE STATUS yóò fi èyí tí ẹ ní hàn yín.

Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú àṣẹ náà, nítorí ó máa ń kù sínú àkọsílẹ̀ àṣẹ. Ẹ fi sínú fáìlì ~/.my.cnf lábẹ́ [client], kí ẹ sì ṣe chmod 600 sí i, kí ẹlòmíràn má bàa lè kà á.

Ẹ wo ìparí fáìlì náà pẹ̀lú tail -n 1: "-- Dump completed" ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ̀dà náà kò pé. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó lo gzip láti sọ fáìlì náà di kékeré. Bí ẹ bá fi | so méjèèjì pọ̀, mysqldump lè kùnà kí gzip sì sọ pé ó ti parí, kí ẹ wá bá fáìlì báìtì 20 tó ṣófo. Nínú cron (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí ẹ bá yàn), ẹ kọ ọjọ́ báyìí: date +\%F. Láìsí \, cron yóò gé àṣẹ yín síbi % náà.

Ẹ má fi fáìlì ẹ̀dà yìí sílẹ̀ nínú public_html, fódà tí gbogbo ayé lè rí, rárá. Ẹni tó bá mọ orúkọ rẹ̀ lè gbé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà yín lọ. Ẹ kó o kúrò lórí sáfà náà: ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà yín, ọ̀kan síbòmíràn. Ẹ tọ́jú ti ọjọ́ 7 àti ti ọ̀sẹ̀ 4, nítorí kóòdù burúkú lè wọlé kí ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó mọ̀.

Àwòrán àdìrẹ yín kò sí nínú dátábéèsì o. wp-content/uploads ni wọ́n wà. Ẹ kó o pẹ̀lú wp-config.php, fáìlì ètò ìkànnì náà.

Ní oṣooṣù, ẹ dá dátábéèsì tuntun tó ń lo utf8mb4, kí ẹ gbé ẹ̀dà náà sínú rẹ̀, kì í ṣe sórí èyí tó ń ṣiṣẹ́:

mysql --default-character-set=utf8mb4 adire_test < adire.sql

Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ìlà inú wp_posts, kí ẹ sì wá orúkọ ọjà tó ní lẹ́tà ẹ yẹn.