Oúnjẹ ọ̀fẹ́, owó àfikún àti kóòdù tó tọ́: ìdáhùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì

Arábìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Lọ́ńdọ̀nù bi wá léèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ ti di ẹni tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò gba owó àfikún lé lórí nítorí àìní ìdílé rẹ̀, àti bóyá kóòdù kan náà ni a fi ń ròyìn méjèèjì fún ìjọba. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ìdáhùn mi ni pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, n kò sì tíì rí ohun tó ń fi owó kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣòfò tó kí òṣìṣẹ́ wo ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí kó sì fi ṣe ìdáhùn fún èkejì. Ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rí tirẹ̀, ẹ̀rí yẹn nìkan ló sì yẹ kó gbé kóòdù wọlé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ. Títí di ọdún 2014, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó wà ní kíláàsì àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama lè jẹun ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́ bí òbí rẹ̀ bá wà lórí owó ìrànwọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lọ kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ ń gbé inú ilé kan náà. Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni ìjọba mú ẹ̀tọ́ náà dé àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ń san £2.41 lórí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 19 ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ tí ọdún ẹ̀kọ́ fẹ́ wọlé ni ètò náà wà fún ní pàtàkì. Nínú ILR, ìyẹn àkọsílẹ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tí à ń fi ránṣẹ́ sí Ilé-iṣẹ́ Ìjọba fún Ètò Ẹ̀kọ́, FME ni orúkọ àyè tí a ń kọ ọ́ sí. Nọ́ńbà 1 wà fún ọmọ ọdún 14 tàbí 15 tó bá wà lọ́dọ̀ wa, nọ́ńbà 2 sì wà fún ẹni ọdún 16 sí 19. Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí nọ́ńbà 2 ń béèrè: akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́, ó sì gbọ́dọ̀ máa gba oúnjẹ náà. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ ṣùgbọ́n tí kò kọ̀wé béèrè kò sí lára wọn. Ẹni tí olùkọ́ kan ṣàánú, tó sì fún ní káàdì oúnjẹ láìsí ìwé ẹ̀rí kankan, kò sí lára wọn pẹ̀lú.

Owó àfikún fún àìní, ní tirẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ó jẹun. Ọ̀nà kan tó ń gbà dé ni ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé: postcode ilé rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àdúgbò náà wà lára àwọn tí àìní pọ̀ sí jù lọ lórí àtẹ tí ìjọba ń lò. Kò sí kóòdù tí ẹ ó tẹ̀ fún èyí. Ohun tó kàn yín ni pé kí àdírẹ́sì náà jẹ́ òótọ́. Mo mọ̀ pé àwọn òbí wa kan máa ń yá àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n tàbí ti ará ìjọ láti fi wá ààyè sí ilé ẹ̀kọ́ tí ọkàn wọn fẹ́, àṣà yẹn sì máa ń tẹ̀ lé ọmọ wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, níbi tí kò ti wúlò fún nǹkan kan. Ọmọ tó ń gbé Peckham tó sì kọ àdírẹ́sì àdúgbò olówó lè máa dín owó kọ́lẹ́ẹ̀jì ara rẹ̀ kù láìmọ̀. Ọ̀nà kejì ni èsì GCSE, ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama tí ipò 9 ga jù nínú rẹ̀; èyí sì ní kóòdù nínú ILR, tí a ń pè ní EDF: nọ́ńbà 1 fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ipò 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìṣirò títí di òpin Year 11 (ọdún tí ọmọ ń pé ọdún 16 ní ilé ẹ̀kọ́ girama), nọ́ńbà 2 fún ẹni tí kò rí i nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò rí méjèèjì ni a óò kọ méjèèjì fún.

Ọ̀rọ̀ “títí di òpin Year 11” yẹn ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí òṣìṣẹ́ rere tó ń ba nǹkan jẹ́ pẹ̀lú ọkàn mímọ́. Ọmọ kan wọlé pẹ̀lú ipò 3 nínú ìṣirò, a kọ EDF 1 fún un, ó tún ìdánwò náà ṣe ní oṣù Kọkànlá, èsì jáde ní oṣù Kìíní, ó rí ipò 5, gbogbo wa yọ̀. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ kí ìwé rẹ̀ mọ́ á wá pa EDF 1 rẹ́, torí pé lójú tirẹ̀ àìní náà ti tán. Kò yẹ kó fọwọ́ kàn án. Ohun tí EDF ń sọ ni bí ọmọ náà ṣe rí nígbà tó ń parí Year 11, ìyẹn kò sì lè yí padà mọ́ bó tilẹ̀ gba ipò 9 lọ́la. Àṣeyọrí tuntun náà ní àyè tirẹ̀ nínú àkọsílẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó kọ́ ọmọ náà dé ibi tó ti yege ni yóò pàdánù owó nítorí pé ọmọ náà yege, bí ẹ bá pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó dé láti Nàìjíríà pẹ̀lú èsì WAEC yàtọ̀ sí èyí, ẹ ó sì pàdé irú wọn púpọ̀ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì yín bá wà ní apá ibi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Òfin tó ní kí ẹni tí kò ní ipò 4 máa ka ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ fi àyè sílẹ̀ fún ìwé ẹ̀rí òkèèrè tó bá dọ́gba pẹ̀lú GCSE. Nọ́ńbà 2 ní àyè tí ILR ń pè ní MCF fún ìṣirò, tàbí ní ECF fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni a fi ń sọ ọ́. Ìwé ìfiwéra láti ọ̀dọ̀ UK ENIC, àjọ tó ń fi ìwé ẹ̀rí òkèèrè wé ti ìhín, ni kí ẹ tọ́jú sínú fáìlì. Àwòrán èsì lórí fóònù ọmọ kò tó.

Mo padà sórí oúnjẹ, nítorí pé níbẹ̀ ni wàhálà ìwé ẹ̀rí pọ̀ sí jù. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2025/26, ìdílé tó wà lórí Universal Credit (owó ìrànwọ́ ìjọba fún ìdílé tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré) ní ẹ̀tọ́ bí owó iṣẹ́ tó ń wọlé fún wọn lẹ́yìn owó orí kò bá ju £7,400 lọ lọ́dún. Nínú ìṣirò oṣooṣù, èyí jẹ́ £616.67 fún oṣù kan, £1,233.34 fún oṣù méjì, £1,850 fún oṣù mẹ́ta. Ẹ máa gba ìwé Universal Credit ti oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn, ẹ má ṣe gba ti oṣù kan péré. Ọ̀pọ̀ ìyá nínú àwọn èèyàn wa ló ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú arúgbó. Oṣù tí wọ́n bá fi kún wákàtí iṣẹ́ wọn nítorí pé ẹlòmíràn ṣàìsàn, owó wọn á ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹni tó bá sì wo oṣù yẹn nìkan á sọ fún ọmọ náà pé kò ní ẹ̀tọ́. Bí àròpọ̀ oṣù mẹ́ta kò bá ju £1,850 lọ, ẹ̀tọ́ wà. Owó ìrànwọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe owó iṣẹ́, ẹ má ṣe kà á mọ́ ọn. Àwọn ìdílé tó ń gba ìtìlẹ́yìn ìjọba gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá ibi ìsádi lábẹ́ òfin ọdún 1999 náà ní ẹ̀tọ́ yìí, bí wọn kò tilẹ̀ ní Universal Credit rárá.

Ohun kan tí àwọn òbí kì í mọ̀ ni pé oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ọmọ ń jẹ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kì í tẹ̀ lé e wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọn á rò pé ìjọba ti mọ̀ wọ́n. Fọ́ọ̀mù tuntun ni, ìwé ẹ̀rí tuntun ni, lọ́dọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan tún dàrú sí i láti oṣù Kẹsàn-án 2023, nígbà tí olórí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó oúnjẹ fún gbogbo ọmọ Year 3 sí Year 6 ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba láìwo owó òbí: ìyá tí àbúrò ń jẹun láìkọ fọ́ọ̀mù kankan kò rí ìdí tí a fi ń bi òun ní ìwé báńkì nítorí ẹ̀gbọ́n.

Yàtọ̀ sí àìmọ̀, ìtìjú wà, ẹ̀rù sì wà. Nípa ìtìjú, n kò ní oògùn kan ju kí káàdì oúnjẹ ọ̀fẹ́ rí bákan náà pẹ̀lú káàdì ẹni tó ń sanwó, kí ó má sì sí ẹni tí yóò pe orúkọ ọmọ lórí ìlà. Ẹ̀rù ni a lè dáhùn. Àwọn òbí tí ìwé ìgbélùú wọn sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ gba owó ìjọba máa ń sá fún fọ́ọ̀mù yìí bí ẹni sá fún ejò, nítorí wọ́n rò pé àwo ìrẹsì kan yóò ba ìwé wọn jẹ́ lọ́dọ̀ Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwọ̀lú. Oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ kò sí nínú àwọn ohun tí òfin ìwọ̀lú pè ní owó ìjọba. Ní ọdún 2022 pàápàá, ìjọba sọ ọ́ di ètò títí láé pé àwọn ọmọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lè gba oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ bí owó tó ń wọlé kò bá kọjá ìwọ̀n kan. Fún ìdílé ọlọ́mọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwọ̀n náà jẹ́ £31,200 lọ́dún nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Bí ẹ bá gbọ́ Yorùbá, ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé èyí fún ìyá tó wà níwájú yín. Mo ti rí ìyá tó kọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó sì gbà ní Yorùbá, torí pé kò fẹ́ béèrè ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀ lójú àlejò.

Ẹ kíyè sí orúkọ pẹ̀lú. Olúwaṣeun ni pásípọ́ọ̀tù pè é, Ṣeun ló kọ sórí fọ́ọ̀mù oúnjẹ, ìwé Universal Credit ìyá rẹ̀ sì wà ní orúkọ bàbá ìyá náà nítorí pé kò yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní so wọ́n pọ̀ fún yín. Ti ìbejì tún le jù: Táíwò àti Kẹ́hìndé ní orúkọ ìdílé kan, ọjọ́ ìbí kan, postcode kan, ẹ ó sì rí i tí àkọsílẹ̀ oúnjẹ àwọn méjèèjì wọ orí ẹyọ kan, tí èkejì wà lófo bí ẹni tí kò jẹun rí. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ kì í ṣe ọmọ tí káńsù ń tọ́jú, àfi bí káńsù ló fi í síbẹ̀. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ káńsù ló ń fi ìyàtọ̀ hàn, nítorí pé ẹni tí káńsù ń tọ́jú lè gba tó £1,200 lọ́dún nínú owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí a ń fi LSR 55 ròyìn (LSR ni àyè ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ILR), nígbà tí èyí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ojú àánú fúnni jẹ́ LSR 56.

Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ránṣẹ́ sí ìjọba yóò bá yín wí bí ẹ bá kọ ohun tí kò bójú mu, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún yín pé ẹ gbàgbé FME ọmọ kankan, torí pé àìsí rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe lójú ẹ̀rọ. Èyí ló mú kí iṣẹ́ wa ṣòro. Ní oṣooṣù, mo máa ń gba àkójọ orúkọ àwọn tó fi káàdì ọ̀fẹ́ gba oúnjẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ilé ìjẹun, mo sì ń fi wé orúkọ tó ní FME 2 nínú ILR. Àwọn tó wà lórí ti ilé ìjẹun tí wọn kò sí lórí tiwa ni owó tó ń jò. Àwọn tó wà lórí tiwa tí wọn kò jẹun láti ìgbà tí sáà bẹ̀rẹ̀ ni ewu bí àwọn ayẹ̀wé-owó-wò bá dé. Ẹ ṣe é kí R04, ìfiránṣẹ́ ILR kẹrin, ti oṣù Kejìlá tó lọ, ẹ má sì dúró de R14, èyí tó kẹ́yìn, ti oṣù Kẹwàá, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ tí kò sì sẹ́ni tí yóò mú ìwé wá fún yín. Ẹ rántí pé àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá ni ìjọba fi ń pín owó ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí ẹ kò kọ lọ́dún yìí ni ẹlòmíràn yóò máa wá lọ́dún kejì.

Ní oṣù Kẹfà 2025, ìjọba kéde pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ 2026, gbogbo ọmọ ìdílé tó wà lórí Universal Credit ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò ní ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ ọ̀fẹ́, wọn yóò sì pa ìdíwọ́n £7,400 yẹn tì. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ òru tí ẹ ti dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan rí kò ní gbọ́ ìròyìn yìí lẹ́nu ẹ̀rọ yín. Bí ẹ bá ṣì ní àkójọ orúkọ àwọn tí a kọ̀ fún ní 2025/26 nítorí owó iṣẹ́ nìkan, ẹ fi í pamọ́ dáadáa, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí wọn ṣáájú ìforúkọsílẹ̀ oṣù Kẹjọ.