Ẹ da gálọ́ọ̀nù yẹn nù: ọtí kì í mú ara móoru

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 22, ti rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀ ní Winnipeg ní Kánádà, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kíní ló máa wọ bàálù. Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ ń pa èèyàn. Ìyá alágbo kan ní ọjà Wàásò ti bá mi fi ògógóró rẹ àgbo òtútù sínú gálọ́ọ̀nù, ó ní kó máa mu tọ́ọ̀tù kan láràárọ̀ kó tó jáde, kó sì máa fi àbọ́níkì para láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ náà ní òun ò nílò gbogbo ìyẹn, pé láti kékeré lòun ti fẹ́ràn ọyẹ́ ju àsìkò òjò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé tọ́ọ̀tù kan tó, àbí kó jẹ́ méjì? Irú kóòtù wo ni kí n rà fún un? Màmá kan, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú oríire o. Tọ́ọ̀tù kankan kọ́. Ẹ da gálọ́ọ̀nù yẹn nù. Ká ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ béèrè ni, ǹ bá rọra sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà táwọn ọmọ wa bá ti ń múra ìrìnàjò ni irú ìbéèrè yìí ń wọlé, bákan náà ni gbogbo wọn sì rí: "Kí ni kó máa mu tí òtútù ò fi ní wọ̀ ọ́ lára?" Kò sí nǹkan tí èèyàn ń mu sí òtútù. Aṣọ ni wọ́n ń wọ̀ sí i.

Ara èèyàn ò yàtọ̀ sí kúlà àmàlà. Kúlà kì í dáná sí àmàlà, ooru tí àmàlà gbé wọnú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó jáde. Inú ara wa náà ni ooru ti ń wá, láti inú oúnjẹ tí a jẹ àti iṣan tí a ń lò, kí inú lè wà ní nǹkan bí 37°C. Bí òtútù bá kan awọ, ọpọlọ á pàṣẹ fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín abẹ́ awọ kí wọ́n fún pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná lè sá padà sọ́dọ̀ ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìka ọwọ́ fi ń tutù tipẹ́tipẹ́ kí àyà tó tutù. Ara ti de ọmọrí kúlà rẹ̀ nìyẹn.

Ọtí ló ń ṣí ọmọrí náà. Ó ń mú kí àwọn òpó wọ̀nyẹn tú sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná á ya wá sí awọ, ojú á gbóná, àyà á gbóná, ẹni tó mu ún á ní ara òun ti yá. Ẹ ṣí kúlà àmàlà láàárọ̀ ọyẹ́ kí ẹ wò ó: ooru á gbá yín lójú. Ṣé àmàlà ló ń gbóná sí i ni? Ó ń tutù ni. Ooru tó gbá yín lójú yẹn gan-an ló ń lọ.

Kò sì tán síbẹ̀. Nígbà tí òtútù bá mú wa, a máa ń gbọ̀n. Iṣẹ́ ni gbígbọ̀n yẹn, ara ń jó iṣan rẹ̀ láti fi dá ooru. Ọtí ń dín gbígbọ̀n náà kù. Ó tún lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, pàápàá fún ẹni tí kò jẹun àárọ̀, bẹ́ẹ̀ ṣúgà yẹn ni igi ìdáná. Lẹ́yìn náà ló wá kan orí: ẹni tó ti mu tọ́ọ̀tù kan kì í rántí pé ìbọ̀wọ́ òun wà nínú àpò. Bí inú ara bá ti lọ sísàlẹ̀ 35°C, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn. Ahọ́n á wúwo, ọwọ́ ò ní lè de bọ́tìnnì mọ́, oorun á máa kun èèyàn. Ní nǹkan bí 32, gbígbọ̀n pàápàá á dáwọ́ dúró, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti ń sàn. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe jọ ẹni tó mutí yó. Bí ọtí bá wá ń rùn lẹ́nu rẹ̀, àwọn tó ń kọjá á ní ọ̀mùtí ni, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Àwọn awakọ̀ tó ń jí lọ sí gáréèjì ní ìdájí ọyẹ́, ṣebí wọ́n ń da páráàgà sọ́nà ọ̀fun, òtútù ò sì pa wọ́n? Òótọ́ ni. (Ohun tí páráàgà ń fà lójú títì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.) Òru ọyẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í sábà lọ sísàlẹ̀ 15°C, tó bá sì fi di ọ̀sán, tẹmómítà á ti kọjá 30. Ooru tí ọtí bá fi ṣòfò láàárọ̀, oòrùn á san án padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní Winnipeg, bí a bá da ọ̀sán pọ̀ mọ́ òru nínú oṣù Kíní, nǹkan bí ìwọ̀n 16 sísàlẹ̀ òdo ló máa ń wà. Òdo sì ni ibi tí omi ti ń di yìnyín. Fìrísà tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń tọ́jú ẹja, ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo ni wọ́n ń fẹ́ kó wà. Inú fìrísà ẹja lọmọ yín ń lọ gbé, Màmá, kò sì sí oòrùn ọ̀sán tó máa wá san gbèsè ọtí fún un.

Èmi àti alágbo ò ní ìjà. Ewé àti egbò inú gálọ́ọ̀nù yẹn, mi ò mọ ohun tí wọ́n jẹ́, mi ò sì ní sọ nǹkan kan nípa wọn. Ògógóró inú rẹ̀ ni mò ń bá wí, torí àwọn kan ń pò ó mọ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù, ọtí olóró tí a fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, tó ń fọ́ni lójú tó sì ń pani. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, èèyàn tó lé ní 15 ló kú nídìí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ojú ló kọ́kọ́ ń ṣú wọn. Òórùn ò lè fi mẹ́tánọ́ọ̀lù hàn yín, adùn ò lè fi í hàn yín.

Àbọ́níkì ńkọ́? Iṣan ìmọ̀lára abẹ́ awọ ló ń tàn jẹ. Ó ń ta èèyàn lára bí iná, kò sì fi ooru kankan kún ti inú ara. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹ̀yìn dídùn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín pé òun fẹ́ràn ọyẹ́, ẹ máà bá a jà lórí ìyẹn. Èmi fúnra mi, òjò àkọ́rọ̀ oṣù Kẹta ni tèmi, nígbà tí ilẹ̀ bá ń rùn tí eruku sì ti wálẹ̀. Àmọ́ kó mọ̀ pé ọyẹ́ kì í ṣe àbúrò wíntà. Atẹ́gùn gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọyẹ́, ìdájí ló ní òtútù. Òtútù wíntà kì í jí lọ ní ọ̀sán, ó lè dúró láti oṣù Kọkànlá di oṣù Kẹta. Ohun kan ṣoṣo ló pa wọ́n pọ̀: gbígbẹ. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé wọn móoru máa ń gbẹ inú yàrá débi pé ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là, imú á máa ṣẹ̀jẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti ọyẹ́. Níbí yìí ni kí ẹ ti náwó: ẹ bá a di òrí tó mọ́, kò gbọdọ̀ ní àbọ́níkì tàbí lọ́fínńdà nínú. Kó máa fi í para láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tó bá ti wẹ̀ tán, kí omi tó gbẹ lára rẹ̀. Òrí tí a fi pa awọ tó ti gbẹ tán kò ní omi kankan láti dá dúró. Kó má sì fi omi gbígbóná janjan wẹ̀, bó ti wù kó wù ú tó.

Ó wá ku aṣọ. Ẹ má ra kóòtù bàǹtà-banta kan kí ẹ sọ pé ó parí. Atẹ́gùn tó há sáàárín aṣọ kan sí èkejì ló ń mú ara móoru, nítorí náà aṣọ mẹ́ta lórí ara wọn dára ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Èyí tó kan ara, kó fẹ́lẹ́, kó jẹ́ irun àgùntàn tàbí pólíẹ́sítà. Kó má ṣe jẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú. Òwú dára fún ooru tiwa, ṣùgbọ́n ó máa ń mu òógùn kò sì ní tètè gbẹ, omi sì ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju atẹ́gùn lọ. Èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí: ọmọ á sáré bá bọ́ọ̀sì, inú bọ́ọ̀sì gbóná, kò ní ṣí síìpù, òógùn á rin ín, á wá bọ́ sílẹ̀ tòun ti aṣọ tútù lára. Kó máa ṣí síìpù gbàrà tó bá ti wọ ibi tó móoru. Èkejì, súwẹ́tà irun àgùntàn. Ẹ̀kẹta ni kóòtù òde.

Kóòtù tó máa fi gúnlẹ̀, ẹ lè rí i nínú òkìríkà. Kó gùn bo ìdí, kó ní fìlà lẹ́yìn ọrùn. Ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí aṣọ òde rẹ̀ láti inú: bí èémí yín bá jáde sọ́wọ́ kejì, ẹ̀fúùfù Winnipeg náà á wọlé. Ẹ fún apá kan rẹ̀ pọ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ kà á dé 20, kí ẹ tú u sílẹ̀. Èyí tí kò bá wú padà, ìyẹ́ inú rẹ̀ ti kú. Ẹ fa síìpù náà lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bàtà ni kí ẹ má rà níbí. Kó rà á lọ́hùn-ún, kí ó tóbi débi tí ìka ẹsẹ̀ á fi lè yí nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nípọn kan. Ìbọ̀sẹ̀ méjì nínú bàtà tó fún ń dínà ẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀ á sì tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìbọ̀wọ́ tó kó ìka mẹ́rin sínú àpò kan ṣoṣo ló dára jù, ìka á máa bá ìka móoru.

Kó máa wo ẹ̀fúùfù kó tó jáde. Bí ojú ọjọ́ bá wà ní 20 sísàlẹ̀ òdo tí ẹ̀fúùfù sì ń fẹ́ ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan, bíi 33 sísàlẹ̀ òdo ló máa rí lára, ní irú ìyẹn, etí tàbí imú tí a kò bò lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Ìwé wọn máa ń sọ pé awọ á pọ́n. Tiwa kì í sábà hàn bẹ́ẹ̀: á dà bíi pé wọ́n fi eérú kùn ún, á le bí àbẹ́là, kò sì ní mọ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án. Kó má fi ọwọ́ ra á, kó má fi àbọ́níkì sí i, kó má sì nà án sí iná, torí ibi tí kò mọ ìrora lè jóná kó má mọ̀. Kó wọlé, kó rẹ ibẹ̀ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, 37 sí 39°C, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Bí ìmọ̀lára kò bá padà, tàbí tó bá lé ròrò, ilé ìwòsàn ni. 911 ni nọ́ńbà pàjáwìrì wọn.

Oòrùn Winnipeg nígbà wíntà kò lágbára tí awọ fi lè ṣe fítámìn D, awọ dúdú ló sì ń nílò oòrùn jù. Kó béèrè lọ́wọ́ apòògùn ibẹ̀. 600 IU (ẹyọ tí wọ́n fi ń wọn fítámìn) lóòjọ́ ni ìjọba Kánádà ń dámọ̀ràn fún ọjọ́ orí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bẹ nílé ńkọ́? Ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ yàrá nítorí ọyẹ́, ì báà jẹ́ nítorí ọmọ tuntun. Kábọ́ọ̀nù mónókúsáìdì, gáàsì olóró tó ń tinú èédú jáde, kò lóòórùn, kò ní àwọ̀, abọ́ omi tí àwọn kan ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kò sì lè fà á.

Gbogbo èyí, ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá ni mò ń bá sọ ọ́, torí mi ò tíì yẹ ọmọ yín wò. Tó bá ní ikọ́ fée, kí dókítà rẹ̀ kọ ìwé oògùn fún un kó tó kúrò, atẹ́gùn tútù máa ń tú u sílẹ̀. Ẹ ò sì sọ jínótáìpù rẹ̀ fún mi. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí, torí bó bá jẹ́ SS, òtútù lè ká a mọ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ìka kan dì, ìmúrasílẹ̀ tirẹ̀ á sì yàtọ̀ sí gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí.