Bottom bracket tuntun kò wọ Raleigh àtijọ́: irú wo ni kí n wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìlọrin ni mo ti ń kọ̀wé. Kẹ̀kẹ́ Raleigh bàbá àgbà wa ṣì wà nílé, férémù rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n kíránkì rẹ̀, ìyẹn apá tí pẹ́dàlì so mọ́, ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo rò pé pín tó so kíránkì mọ́ ọ̀pá ti jẹ. Mo wá ra bottom bracket Shimano tuntun, ìyẹn ọ̀pá tí kíránkì ń yí lé lórí nínú ihò ìsàlẹ̀ férémù pẹ̀lú bọ́ọ̀lù àti kọ́ọ̀pù rẹ̀, àti kíránkì tòkunbọ̀ kan tí kì í lo pín. Kọ́ọ̀pù rẹ̀, èyí tí a ń yí wọ inú férémù láti gba bọ́ọ̀lù, bá ihò náà mu lójú, ṣùgbọ́n tí mo bá ti yí i bí ìyípo kan ààbọ̀, ó máa ń há. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní ìpẹtà ló dí i, pé ká fi sípánà gígùn fipá wọ̀ ọ́. Ṣé kí n gbà fún un? Tí kò bá sì wọ̀, irú wo ni kí n wá?

Ìdáhùn: Ẹ má gbà fún un o. Tí kọ́ọ̀pù yẹn bá ṣì wà nínú ihò, ẹ yí i jáde jẹ́ẹ́jẹ́ kí ẹ tó ka ìyókù.

Ìpẹtà kọ́ ló dí i. Tẹ́rẹ́ẹ̀dì méjèèjì, ìyẹn ìlà yíyí tó ń jẹ́ kí kọ́ọ̀pù yí wọnú férémù, ni kò bára mu. Irú bottom bracket tó wọ́pọ̀ jù lóde òní ni ẹ rà, BSA ni wọ́n ń pè é: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínṣì 1.37, eyín tẹ́rẹ́ẹ̀dì 24 ló sì wà nínú ínṣì kan. Àwọn Raleigh ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn lọ́tọ̀ fún ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe láyé ìgbà náà: fífẹ̀ rẹ̀ ínṣì 1⅜, eyín 26 nínú ínṣì kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, 1⅜ kò ju 1.375 lọ. Ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ yẹn, òun ló fà á tí eyín àkọ́kọ́ fi wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá ti ń wọlé sí i, eyín 24 kò lè bá eyín 26 rìn mọ́. Wọ́n á gun ara wọn, ó á sì há.

Sípánà gígùn á mú un wọlé lóòótọ́, nítorí pé kọ́ọ̀pù náà á máa gé tẹ́rẹ́ẹ̀dì férémù dànù bó ṣe ń wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́ọ̀pù àtijọ́ kò ní dúró níbẹ̀ mọ́, tuntun náà á sì máa tú. Mo ti rí férémù tí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà lẹ́yìn irú iṣẹ́ báyìí, tí wọ́n jó kọ́ọ̀pù mọ́ ọn pátápátá. Lọ́jọ́ tí inú kọ́ọ̀pù bá jẹ, kẹ̀kẹ́ náà kú nìyẹn. Kọ́ọ̀pù ṣeé rà lọ́jà, ṣùgbọ́n férémù bàbá àgbà yín kò sí níbẹ̀.

Ẹ má sì tìtorí orúkọ tó wà lára kẹ̀kẹ́ gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Àwọn Raleigh tó dé lẹ́yìn wọ̀nyẹn, títí kan àwọn kan nínú kẹ̀kẹ́ ìdíje wọn, BSA ni wọ́n ń lò. Àwọn kẹ̀kẹ́ Íńdíà àti Ṣáínà tó jọ Raleigh náà wà níta, ẹ ò sì lè fi ojú mọ inú wọn. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ rèé: ẹ mú kọ́ọ̀pù àtijọ́ ti apá òsì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti kẹrosín-ìn fọ tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ títí á fi dán. Ẹ mú kọ́ọ̀pù Shimano lọ́wọ́ kejì, ẹ gbé tẹ́rẹ́ẹ̀dì ọ̀kan lé ti ìkejì ní ẹ̀gbẹ́, kí eyín wọnú eyín, kí ẹ wá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ irú kan náà, wọ́n á wọnú ara wọn dáadáa, ẹ ò ní rí ìmọ́lẹ̀ láàárín. Bí ó bá jẹ́ 24 àti 26, ọ̀kan á wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyókù á gbéra, ìmọ́lẹ̀ á yọ. Kò gba irin iṣẹ́ kankan.

Bí ẹ bá máa fọwọ́ kan kọ́ọ̀pù apá ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà, ẹ rántí pé òdì ni tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ni ẹ ó yí i kó tó tú. Bẹ́ẹ̀ ló rí lára Raleigh, bẹ́ẹ̀ ló rí lára BSA. Èrò tèmi ni pé bí ó bá ṣì dára, ẹ má tú u rárá. Ẹ fọ inú rẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ fi ẹnu bíírò rìn yípo ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà. Bí ẹnu bíírò bá ń yọ̀ lọ láìkọsẹ̀, kọ́ọ̀pù náà ṣì níṣẹ́ í ṣe. Bí ó bá ń kọsẹ̀ sínú ihò wẹẹrẹ, ó ti jẹ.

Ohun kejì tí ẹ ó wọ̀n ni gígùn ihò ìsàlẹ̀ férémù láti etí dé etí, irin férémù nìkan, láìka kọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Lára àwọn Raleigh yìí, mílímítà 71 tàbí 76 ni a sábà máa ń bá. Bottom bracket BSA ayé òde òní, 68 àti 73 ló wọ́pọ̀. Nítorí náà, ká tiẹ̀ ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì bára mu, gígùn náà kò ní bára mu.

Kí ni kí ẹ wá rà? Ó ṣeé ṣe kí ó má ju kọ́tà méjì lọ, ìyẹn pín tí ẹ ń sọ yẹn. Kọ́tà Raleigh jẹ́ mílímítà 9.5. Ti mílímítà 9 náà wà lọ́jà, ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n á sì kì í bọ inú ihò 9.5, kíránkì á máa mì, wọ́n á ní bottom bracket ló bàjẹ́. Ẹ di kíránkì mú ní apá méjèèjì kí ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì. Bí apá kan ṣoṣo bá ń mì tí ìkejì dúró, kọ́tà ni. Bí méjèèjì bá jọ ń mì pọ̀, inú kọ́ọ̀pù ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ ra kọ́tà 9.5 tí irin rẹ̀ le. Ẹ fi fáìlì ra ojú rẹ̀ tó tẹ́ títí á fi jókòó dáadáa sórí ojú tó tẹ́ lára ọ̀pá. Kọ́tà méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síra wọn lódìlódì: bí kíránkì bá wà ní ìbú, tí ọ̀kan bá ti òkè wọlé, ìkejì á ti ìsàlẹ̀ wọlé, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ apá méjèèjì kò ní wà lórí ìlà kan. Kí ẹ tó fi òòlù lù ú, ẹ ki páìpù irin sábẹ́ kíránkì kó dúró lórí ilẹ̀, kí ihò páìpù náà gba ẹnu kọ́tà. Láìsí páìpù yìí, orí àwọn bọ́ọ̀lù ni agbára òòlù máa lọ, wọ́n á sì dá ihò sínú kọ́ọ̀pù. Òòlù ló ń mú kọ́tà wọlé o. Nọ́ọ̀tì kàn ń dá a dúró ni, ẹni tó bá ń fi nọ́ọ̀tì fà á á bó tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tún un lù, kí ẹ sì tún nọ́ọ̀tì mú.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti tú u, ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀lù rẹ̀ pẹ̀lú. Ti 1/4 ínṣì ni, 11 lápá kan, 11 lápá kejì, kí gíríìsì sì pọ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kíránkì tí kò lo kọ́tà, ọ̀nà kan wà tí kò ní pa férémù lára: ẹ fi kọ́ọ̀pù Raleigh sílẹ̀ níbi tó wà, ọ̀pá inú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ pààrọ̀ sí èyí tí orí rẹ̀ ní igun mẹ́rin. Ọ̀pá àtijọ́, irú èyí tó ń lo bọ́ọ̀lù wẹẹrẹ, ni kí ẹ wá láàárín ẹrù tòkunbọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá Raleigh. Ibi méjì tí bọ́ọ̀lù ń sáré lé lára ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ti ìkejì. Bí ó bá sún mọ́ra jù, kọ́ọ̀pù òsì á rì sínú férémù kó tó mú un. Bí ó bá jìnnà jù, tẹ́rẹ́ẹ̀dì díẹ̀ ni kọ́ọ̀pù máa rí dì mú.

Ẹ wo ihò kíránkì tí ẹ rà wàyí. Bí ó bá jẹ́ igun mẹ́rin, ó lè wúlò. Bí ó bá rí róbótó tó ní eyín nínú, tàbí tí ọ̀pá rẹ̀ so mọ́ ọn lára, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é, ẹ tà á. Igun mẹ́rin náà sì pín sí méjì. Shimano àti ọ̀pọ̀ ohun tó ti Japan àti Taiwan wá, JIS ni. Campagnolo ilẹ̀ Ítálì ń lo ISO, tí orí ọ̀pá rẹ̀ tín-ín-rín díẹ̀. Kíránkì JIS lórí ọ̀pá ISO á wọlé jù, bóòtù á kan ọ̀pá kó tó fún kíránkì pọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá fún un tán, orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ ṣì rì díẹ̀ nínú ihò kíránkì. Bí ó bá dọ́gba pẹ̀lú ibi tí bóòtù jókòó, wọn kò bára mu.

Kí ẹ tó fún un, ẹ kàn fi ọwọ́ ki kíránkì bọ ọ̀pá, kí ẹ gbé igi gbọọrọ kan tó tọ́ lé ẹ̀gbẹ́ eyín iwájú (irin eléyín tí ṣéènì ń gbà lára kíránkì) títí dé eyín ẹ̀yìn. Igi náà gbọ́dọ̀ kàn wọ́n méjèèjì láìwọ́. Ẹ rántí pé kíránkì á tún wọlé sí i bí ẹ bá fún bóòtù, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín eyín iwájú àti férémù. Kíránkì kẹ̀kẹ́ orí òkè tó ní eyín mẹ́ta kì í sábà bọ́ sí ìlà lára Raleigh, eléyín kan ni kí ẹ wá. Ṣéènì fífẹ̀ 1/8 ínṣì á sáré lórí eyín 3/32, àmọ́ ṣéènì 3/32 kò lè wọ eyín 1/8. Bí eyín iwájú tí ẹ ní bá jẹ́ èyí tí wọ́n gbẹ́ orí ẹyẹ tó jọ lékeléke sí láàárín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù. Àwọn èèyàn ń wá a kiri.

Bottom bracket kan tún wà tí kò ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì, tó máa ń fún ihò náà mọ́ra láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó wúlò fún ihò tí tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti bó, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwọ̀n tó wà lára páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní férémù mìíràn: ẹ wọn gígùn àti fífẹ̀ ihò kí ẹ tó rà. Gígùn 68 tàbí 73 tó ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì, BSA ló sábà máa ń jẹ́. 70 jẹ́ ti Ítálì, fífẹ̀ rẹ̀ mílímítà 36, kò sì sí òdì ní apá kankan. Àwọn ará wa ní Kútọnu àti Pọ́tọ̀nófò tó ní kẹ̀kẹ́ Peugeot àtijọ́, tiyín lè jẹ́ ti Faransé, fífẹ̀ rẹ̀ mílímítà 35, kò sí òdì níbẹ̀ náà. Ihò tó fẹ̀ tó 51 tí kò ní tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ti kíránkì tí apá méjèèjì àti ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ irin kan ṣoṣo ni, irú ti kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Férémù òde òní tí ihò rẹ̀ jẹ́ 41, 42 tàbí 46 láìní tẹ́rẹ́ẹ̀dì, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ tirẹ̀ wọlé, ẹ má fi òòlù lù ú.

Bottom bracket Shimano yín kò ṣòfò. Ẹ wo nọ́ḿbà ara rẹ̀, ẹ óò rí 68 tàbí 73 níbẹ̀ pẹ̀lú gígùn ọ̀pá. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á, kí ẹ fún ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ orí òkè tòkunbọ̀.