Àwọn Ṣọ́ọ̀bù Àrà Ọ̀tọ̀ ní Ìlú Èkó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Láti Ìbàdàn ni èmi àti àbúrò mi ń bọ̀ wá sí Èkó. A ti mọ ọjà Balógun dáadáa. Níbo ni a tún ti lè rí ọjà tí kì í ṣe ti ojoojúmọ́?

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ilé ọnà Nike ní Lẹ́kí ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, nítorí pé Olóyè Nike Davies-Okundaye tí ó dá a sílẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ àdìrẹ, àwòrán àti ère sì kún ilé náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ní ọjà iṣẹ́ ọnà Jakande tí kò jìnnà síbẹ̀, ẹ ná ọjà dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Jazzhole ní òpópónà Awólọ́wọ̀, Ìkòyí, ni ọkàn mi fà sí jù: ìwé àti àwo orin ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ibẹ̀ sì yẹ ẹni tí kò kánjú. Ohun tí wọ́n ń tà ní Alára, ṣọ́ọ̀bù aṣọ àti ohun ọ̀ṣọ́ ní Victoria Island, wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ilé náà, tí ayàwòrán-ilé David Adjaye ya àwòrán bí wọn yóò ṣe kọ́ ọ, tó lọ wò fúnra rẹ̀.