Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìyà Ìgbà Èwe Tí Kò Tíì Tán Lára

Àtìgbà tá a ti sọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ lójú ewé yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé, àwọn kan tiẹ̀ fi fóònù ka tiwọn sílẹ̀ torí ọwọ́ wọn ò lè kọ ọ́. Mẹ́ta la mú lónìí. A ò dárúkọ ẹnì kankan, ẹni tó sì ní ká bá òun yí àdúgbò òun pa dà, a ti bá a yí i.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Aránṣọ ni mí ní Mókọ́lá, ọmọ ọdún 34, mo wà nílé ọkọ, mo ti bímọ méjì. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ tí wọ́n fi mú mi láti abúlé wá sọ́dọ̀ àǹtí mọ́mì mi kan n'Íbàdàn níbí, wọ́n láwọn á fi mí sí sùkúù. Mo lọ sùkúù lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n kí n tó lọ mo gbọ́dọ̀ ti kiri búrẹ́dì, owó á sì pé, tí ò bá pé wáyà iná ni wọ́n ń fi nà mí, wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́ mi síta, ìgbà míì ebi ni màá gbé sùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Títí mo fi ṣe wáèkì ni. Ní báyìí, tí ọkọ mi bá ti ń ti kọ́kọ́rọ́ géètì lálẹ́, tí mo gbọ́ ìró ẹ̀, àyà mi á já, gbogbo ara mi á máa gbọ̀n, oorun ti lọ nìyẹn. Mo máa ń di gáàrí àti ṣúgà sínú láílọ̀n, màá kì í bọ abẹ́ aṣọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọkọ mi rí i lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé òògùn ni mò ń ṣe. Tí ọmọ mi obìnrin bá da omi nù lásán, mo ti gbá a létí kí n tó mọ̀, màá wá wọ yàrá lọ sunkún. Wọ́n ti ṣe dẹlifáránsì fún mi, mo ti gbààwẹ̀ títí. Àǹtí yẹn ti dàgbà báyìí, orúnkún ń dùn wọ́n, àwọn ẹbí ní kí n máa lọ tọ́jú wọn torí àwọn ló tọ́ mi. Mà, kí ló ń ṣe mí gan-an? Ṣé dandan ni kí n lọ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò sí òògùn kankan nínú láílọ̀n gáàrí yẹn, ebi ọmọ ọdún méje ló wà níbẹ̀. Ọmọ tó ti gbé ebi sùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọgbọ́n tó máa kọ́ ni pé kí òun má fọkàn tán oúnjẹ ọ̀la, kí òun ti fi díẹ̀ pamọ́ síbi tójú ẹnì kankan ò ní tó o. Ọgbọ́n yẹn ṣe ọ́ lóore nígbà yẹn, òun ló jẹ́ kó o là á já. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ò ju pé ara rẹ ò tíì gbà pé ìyà ọ̀hún ti tán.

Ibì kékeré kan wà nínú ọpọlọ wa táwọn dókítà ń pè ní amygdala, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ṣọ́ ewu. Tó bá ti rí ewu, kíá ara á tú àwọn nǹkan bí adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, iṣan á le, èèyàn á ti múra àtijà tàbí àtisá. Nǹkan dáadáa ni tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló fi ń wo ojú àgbà kó tó mọ̀ bóyá wọ́n máa na òun lónìí, ara ẹ̀ kì í ráyè sinmi, bó ṣe máa dàgbà síbẹ̀ nìyẹn, bí ajá tí olè ti lọ tipẹ́ tó ṣì ń gbó. Ìdí nìyẹn tí ìró kọ́kọ́rọ́ fi ń kan ara rẹ kó tó kan ọgbọ́n orí rẹ. O mọ̀ pé ọkọ rẹ ló ń ti géètì, ara rẹ ni kò mọ̀.

Ìwọ nìkan kọ́ o. Dókítà kan wà ní San Diego l'Amẹ́ríkà, Vincent Felitti lorúkọ ẹ̀, ó ń tọ́jú àwọn tó sanra jù kí ara wọn lè fúyẹ́. Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ló ṣàkíyèsí pé àwọn tí ìtọ́jú ọ̀hún ń ṣiṣẹ́ fún gan-an ló ń sá kúrò níbẹ̀. Ìgbà tó wá jókòó bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní wọ́n ti bá àwọn ṣèṣekúṣe lọ́mọdé, àwọn míì wá là á mọ́lẹ̀ fún un pé sísanra yẹn ń dáàbò bo àwọn ni, kí ojú ọkùnrin má bàa wá sára àwọn. Ohun tí dókítà ń pè ní àìsàn, asà ni lọ́wọ́ wọn. Òun àti dókítà míì, Robert Anda, wá bi àwọn àgbàlagbà tó lé ní 17,000 léèrè bóyá wọ́n jẹ irú ìyà báyìí lọ́mọdé: lílù, èébú, ìṣekúṣe, kí wọ́n pa ọmọ tì, kí wọ́n máa na ìyá lójú ọmọ, kí ọ̀mùtí wà nínú ilé, àtàwọn míì, mẹ́wàá ni gbogbo ẹ̀ jẹ́ nígbẹ̀yìn. Ọdún 1998 lèsì àkọ́kọ́ jáde. Àwọn tó ti jẹ mẹ́rin sókè nínú ẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ọtí àmujù, kéèyàn gbìyànjú àtipa ara ẹ̀, títí dórí àìsàn ọkàn tó ń fún ẹ̀jẹ̀ kiri ara, gbogbo ẹ̀ pọ̀ lára wọn ju tàwọn tí ò jẹ ìkankan lọ. Èyí ò ní kẹ́rù bà ọ́ o, kì í ṣe àkọsílẹ̀ orí, ẹlòmíì jẹ gbogbo ìyà yẹn tí ara ẹ̀ sì dá ṣáṣá. Mo sọ ọ́ kó o lè mọ̀ pé ohun tó ń ṣe ọ́ ní orísun, kì í ṣe ìwà burúkú, kì í ṣe ẹ̀mí èṣù.

Àdúrà dáa, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀mí àìmọ́ ló wà lára obìnrin tí wọ́n fi wáyà nà lọ́mọdé, ẹrù míì ló tún gbé lé e lórí, inú sì máa ń bí mi sí i gidi.

Ohun tó o máa ṣe rèé. Lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Íbàdàn níbí, ní kí wọ́n kọ̀wé fún ọ lọ sí ẹ̀ka Psychiatry, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ àti ìrònú, kó o sì sọ gbogbo ohun tó o kọ sí mi yìí fún wọn bó o ṣe kọ ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn á ní wèrè nìkan ló ń lọ síbẹ̀, má dá wọn lóhùn, àwọn tí ò rí oorun sùn, àwọn tí ìrònú ò jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n kún ibẹ̀. Irú nǹkan tó ń ṣe ọ́ yìí, àwọn dókítà ní orúkọ fún un, PTSD, ìyẹn ìdààmú tí ìyà tàbí ìbẹ̀rù ńlá máa ń fi sílẹ̀ lára èèyàn, àtọdún 1980 ló ti wà nínú ìwé wọn. Àwọn ló máa yẹ̀ ọ́ wò kí wọ́n tó sọ bóyá òun gan-an ni, ìtọ́jú sì wà fún un, ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ jù níbẹ̀, nígbà míì wọ́n á fi oògùn tì í lẹ́yìn. Wọn ò ní ní kó o tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ni, bó o bá ṣe lè sọ ọ́ mọ.

Nílé, ní kí ọkọ rẹ máa pariwo "mo fẹ́ ti géètì o" kó tó tì í. Tí ara rẹ bá ti ń gbọ̀n, tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kó o sì sọ ọ́ síta pé "Mókọ́lá ni mo wà, ilé mi ni, àwọn ọmọ mi ló sùn síbẹ̀ yẹn." Gáàrí yẹn, má dà á nù, mú un kúrò lábẹ́ aṣọ, rọ ọ́ sínú agolo ní kíṣínì, jẹ́ kí ọkọ rẹ mọ̀ pé tìẹ ni, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ní ti ọmọ rẹ, tí ọwọ́ bá ti ń gbé sókè, kúrò níbẹ̀, jáde sí kọ́rídọ̀, kó o mí. Tó o bá sì ti gbá a kó o tó mọ̀, pa dà lọ bá a kó o sọ fún un pé "kò yẹ kí n gbá ẹ, omi tó dà nù kì í ṣe nǹkan, èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe ìwọ." Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún ìwọ rí, ìyẹn ló fi yẹ kí òun gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ àǹtí wá kù. Rárá, kì í ṣe dandan. Wọ́n mú ọ wá bí ọmọ, wọ́n lò ọ́ bí ẹrú. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2006, kò fàyè gba pé kí wọ́n máa fi irú ìyà yẹn jẹ ọmọ, torí náà má jẹ́ kí ẹnì kankan pe ìyẹn ní ìtọ́jú sí ọ létí. Tó bá wù ọ́, fi owó díẹ̀ rán ẹlòmíì sí wọn, tí ò bá wù ọ́, má fi rán. Èrò tèmi ni pé kó o má tíì wọ ilé yẹn títí ìwọ àti dókítà á fi sọ̀rọ̀ débì kan. Ìdáríjì tí ẹbí ń sọ, ìwọ lo ni ín, wọn ò lè fi tipátipá gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, fóònù ni mò ń tún ṣe l'Ágbowó, ọmọ ọdún 29 ni mí. Tísà tó ń kọ́ wa ní lẹ́sìnnì nílé ló bá mi ṣe nǹkan tí ò dáa, ọkùnrin ni, mo wà ní pírámárì fáìfù, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mi ò lè dúró ti obìnrin kankan, tó bá ti ń di pé ó fẹ́ràn mi, màá ti wá ìjà. Mi ò lè sùn láìmutí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé bóyá èmi náà á ṣe é fọ́mọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ kan. Ṣé ó tiẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin ni?

Ìdáhùn: Ó ń ṣẹlẹ̀, àbúrò mi. Ìwádìí tí àjọ National Population Commission ṣe lọ́dún 2014, tí UNICEF ràn wọ́n lọ́wọ́ sí, sọ pé nínú ọmọkùnrin mẹ́wàá ní Nàìjíríà, ọ̀kan ni wọ́n ti ṣe irú nǹkan báyìí sí kó tó pé ọdún 18, tobìnrin jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Wò ó bí ọkùnrin ṣe pọ̀ tó ní Bódìjà nìkan lọ́jọ́ ọjà, kó o wá mọ̀ pé àwọn tó ń gbé irú ẹrù yìí ń kọjá lára rẹ lójoojúmọ́.

Mo fẹ́ kó o ka ibi tó kàn yìí lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ṣẹlẹ̀ pé ara rẹ dáhùn nígbà yẹn, kò túmọ̀ sí pé o fẹ́ ẹ, ara ọmọdé máa ń dáhùn bí ara ṣe ń dáhùn, àgbàlagbà yẹn ló dẹ́ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ìtìjú nǹkan yìí nìkan dí lẹ́nu. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ náà, gbé e sílẹ̀ díẹ̀: àwọn tí wọ́n ṣe irú ẹ̀ sí tó pọ̀ jù kì í ṣe é fún ọmọ ẹlòmíì. Tí èrò bẹ́ẹ̀ bá wá sí ọ lọ́kàn pẹ́rẹ́n, sọ ọ́ fún dókítà, kí ìwọ àti ọmọ kankan má sì dá wà títí wọ́n á fi bá ọ sọ̀rọ̀.

Ìjà tó o máa ń wá, mo rò pé o ń sá kí obìnrin tó sún mọ́ ọ ju bó ṣe yẹ lọ ni, torí ẹni tó sún mọ́ ọ lọ́mọdé ló pa ọ́ lára. Ọtí náà, oorun ló fi ń tàn ọ́ lálẹ́, láàárọ̀ ó ti gba ju ohun tó fún ọ lọ. Má jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lo ń mu púpọ̀, torí ìyẹn náà léwu, jẹ́ kí dókítà bá ọ dín in kù. Wá ẹnì kan tí kò lẹ́nu jù, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́, sọ gbólóhùn kan péré fún un, kó o ní kó sìn ọ́ lọ sí UCH. Tó bá sì ti ń ṣe ọ́ bíi pé kó o kú, má dá wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, emergency ni kí wọ́n gbé ọ lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹni ọdún 71 ni mí, Òkè-Àdó ni mò ń gbé. Àkọ́bí mi tó wà l'Ékòó ní kí n má retí òun àtàwọn ọmọ òun mọ́, ó ní bẹ́líìtì tí mo fi ń na òun ò tíì kúrò lójú òun. Bàbá tèmi nà mí ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo ṣì di èèyàn. Mo ti ní kó má bínú. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kí n ṣe?

Ìdáhùn: Bàbá mi, ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ̀wé, ẹni tí ọ̀rọ̀ ò bá ká lára ò ní kọ ọ́. Ẹ di èèyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ rántí bó ṣe máa ń rí nínú yín tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn bàbá yín lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tọ́mọ yín ń sọ nìyẹn. Àwọn àgbà ló ní tá a bá fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí ká fi tòsì fà á mọ́ra, ọwọ́ òsì yẹn ló ṣì ń wá di òní.

"Má bínú" tẹ́ ẹ sọ, ó ṣeé ṣe kó dà bíi "pa ẹnu ẹ mọ́" létí ẹ̀. Ẹ dárúkọ nǹkan ọ̀hún fúnra ẹ̀: bẹ́líìtì, alẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ rántí dáadáa, ohun tó ṣe tí kò tó ohun tẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́ níyà. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ ṣe é, pé òun ò jẹ̀bi. Ẹ má fi "ṣùgbọ́n" sí i, ẹ má dárúkọ bàbá yín lọ́jọ́ yẹn, ẹ wá ọ̀rẹ́ yín kan tẹ́ ẹ máa sọ ìyẹn fún. Ẹ má rán pásítọ̀, ẹ má kó ẹbí lọ bẹ̀ ẹ́, ẹ má tíì bèèrè àwọn ọmọ-ọmọ. Tó bá fẹ́ sọ tinú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, bó tiẹ̀ le. Tó bá ní òun ò tíì ṣe tán, ẹ ní ẹ ti gbọ́, kẹ́ ẹ wá pè é lóṣù tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ kí i, kẹ́ ẹ bi í bí iṣẹ́ ṣe ń lọ.