Fóònù Yín Ti Pẹ́, Àmọ́ Ohun Tó Wà Nínú Ẹ̀ Ṣì Wúlò: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí la ti ń kí yín, ooru ń mú, iná ò dúró sójú kan, fóònù dẹ̀ ń gbóná lọ́wọ́ kálukú. Ọ̀pọ̀ nínú ìbéèrè tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ fóònù tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ni. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ ra tuntun nígbà tí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́, owó ò sí níta. Mo mú mẹ́rin níbẹ̀, èyí tó wọ̀ mí lára jù nínú wọn, ìsàlẹ̀ ni mo fi sí torí pé ó gba àlàyé.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí, Under-G ni mo ń gbé. Ẹ̀yìn fóònù mi ti ń wú, ó ti fẹ́ ṣí sílẹ̀, rọ́bà ni mo máa ń fi dè é kí n tó ṣáàjì ẹ̀. Ṣé mo lè máa lò ó báyìí títí a ó fi ṣe ìdánwò tán?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò mi, má dán an wò. Bátìrì yẹn ló wú, gáàsì ló kún inú ẹ̀, rọ́bà tó o dè mọ́ ọn dẹ̀ ń fún un pa ni. Bátìrì lithium tí nǹkan bá tẹ̀ tàbí tó gún lè gbiná lójijì. Tú rọ́bà yẹn lónìí, pa fóònù náà, má ṣáàjì ẹ̀ mọ́, gbé e sórí sìmẹ́ǹtì tàbí táìlì, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì, kó o wá gbé e lọ fún ẹni tó mọṣẹ́ kó bá ẹ yọ ọ́ kó fi òmíràn sí. Má fi ọ̀bẹ yọ ọ́ fúnra ẹ. Má dẹ̀ jù ú sí ààtàn tí wọ́n máa ń dáná sun.

Tó o bá fẹ́ ra bátìrì, mọ̀ pé èyí tó ti wà lórí igbá ẹni tó ń tà á láti ọdún mẹ́rin márùn-ún ti gbó díẹ̀ bí wọn ò tiẹ̀ lò ó rí, torí náà kì í ṣe nítorí pé ó wà nínú ọ̀rá la fi máa ń sọ pé tuntun ni. Ooru ló dẹ̀ ń pa bátìrì jù, àti kó máa wà ní 100% ní gbogbo ìgbà tàbí kó máa kú pátápátá. Kó wà láàárín 20% sí 80% ló dáa jù. Mo mọ̀ pé tí nẹ́pà bá gbé iná dé, kò sẹ́ni tó máa rántí 80, kálukú á ki í bọ iná kó kún ni, ṣáájú kí wọ́n tó mú un lọ. Kò burú, ṣá má fi sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tó bá ń ṣáàjì.

Ìbéèrè: Télọ̀ ni mí l'Ọ̀yọ́, ẹ̀gbẹ́ ọjà Akẹ́sàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àmọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mo dẹ̀ fẹ́ràn kí n máa gbọ́ rédíò ilé tí mo bá jókòó sídìí máṣíìnì. Android 6 ni fóònù mi. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń gbọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa, ní báyìí wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé "your connection is not private". Ọjọ́ tó bá wá ṣí, tí iná ojú ẹ̀ bá ti kú báyìí, kò ní pẹ́ tó máa dákẹ́. Dátà dẹ̀ ń lọ bí omi.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o, ọ̀gá télọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo déètì àti àkókò orí fóònù yín, torí bátìrì tó ti gbó lè kú pátápátá kí fóònù tan padà sí ọdún tó ti kọjá, ìyẹn nìkan ti tó láti mú ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Tí déètì bá pé, á jẹ́ pé ọjọ́ orí fóònù ló fà á. Gbogbo wẹ́ẹ̀bù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https ló máa ń mú ìwé ẹ̀rí dání, fóònù á wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òun mọ ẹni tó fòǹtẹ̀ lù ú. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fún èèyàn nírú ìwé ẹ̀rí yìí lọ́fẹ̀ẹ́ ni Let's Encrypt, wẹ́ẹ̀bù tó ń lò ó ò lóǹkà. Òǹtẹ̀ tiwọn, ISRG Root X1 ló ń jẹ́, Android tó bá ti kéré sí 7.1.1 ò dá a mọ̀. Òǹtẹ̀ àtijọ́ kan ni wọ́n fi ń gbè é lẹ́yìn kí fóònù bíi tiyín lè máa gbà á wọlé, ọgbọ́n yẹn dẹ̀ parí ní 2024. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni wàhálà tiyín ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ lọ gba áàpù VLC, ọ̀fẹ́ ni, ó dẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù àtijọ́. Ẹ pe ilé iṣẹ́ rédíò yẹn tàbí kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí wọn, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní àdírẹ́sì stream wọn gan-an, ìyẹn ibi tí ohùn rédíò náà ti ń wọlé tààrà, kì í ṣe ti wẹ́ẹ̀bù wọn. Tí wọ́n bá ní èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú http lásán, òun ni kẹ́ ẹ gbà, torí kò sí ìwé ẹ̀rí tí fóònù máa yẹ̀ wò níbẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ VLC níbi tó ti ní "New stream", ó parí nìyẹn. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, rédíò ni mò ń sọ o. Tó bá jẹ́ wẹ́ẹ̀bù báǹkì ló gbé irú ìkìlọ̀ yẹn wá, ẹ má fi tipátipá wọlé, ẹ jáde níbẹ̀.

Ti kó máa dákẹ́, fóònù ló ń pa áàpù náà kó lè fi bátìrì pamọ́. Ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ battery optimisation sí, ẹ yọ VLC kúrò nínú àwọn tó ń dá dúró. Ti dátà ńkọ́, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Rédíò tó ń bọ̀ ní 128 kbps (kbps ni wọ́n fi ń wọn bí dátà ṣe ń yára wọlé) máa ń jẹ nǹkan bíi 58MB ní wákàtí kan, èyí tó ń bọ̀ ní 64 kbps á jẹ 29MB, ìyẹn ni pé 1GB á gbé yín fún wákàtí 17 lórí èyí àkọ́kọ́, á dẹ̀ tó 34 lórí ìkejì. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìròyìn, 64 ti tó, kò séèyàn tó máa mọ ìyàtọ̀ níbi tí máṣíìnì ti ń ró. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń bi wọ́n ní àdírẹ́sì, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní èyí tó kéré.

Tẹ́ ẹ bá dẹ̀ wálé, ẹ má fi dátà gbọ́ ọ rárá. Ọ̀pọ̀ fóònù àtijọ́ ló ní FM nínú, nǹkan tí fóònù olówó ńlá ayé ìsinsìnyí ò ní mọ́. Ẹ ki íápíìsì oníwáyà bọ̀ ọ́, wáyà yẹn gan-an ló ń ṣe éríà, torí ẹ̀ ni kì í fi í ṣiṣẹ́ láìsí i, kẹ́ ẹ wá ṣí i sí 92.1 fún Àjílété FM ti Gáḿbàrí, tàbí 101.1 fún Parrot FM. Kọ́bọ̀ ò ní jáde lápò yín.

Ìbéèrè: Mo ra fóònù tokunbọ̀ kan, mo wá ríṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ló bá ń béèrè ìméèlì ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á. Láti Android 5.1 ni ààbò yẹn ti wà, torí àwọn olè ni wọ́n ṣe ṣe é. Tí ẹni tó tà á bá lè pe ẹni tó ni ín kó yọ àkáǹtì ẹ̀ kúrò, kò sí wàhálà. Tí kò bá lè pè é, ẹ gba owó yín padà, torí ẹ ò mọ bó ṣe dé ọwọ́ ẹ̀.

Ìbéèrè: Mo ń ta kajú ní agbègbè Tákíé. Màmá mi kú ní ọdún kejì sẹ́yìn. Kí wọ́n tó lọ, àràárọ̀ ni wọ́n máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọ́n á kì mí ní Àjíkẹ́ títí, gbogbo ẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi. Ní báyìí fóònù ń sọ pé àyè ti kún, ó ń há, ọmọkùnrin tó ń bá mi tún un ṣe ní kí òun fláàṣì ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdágìrì màmá o, ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ̀rù yẹn ò ṣì yín mú. Tí wọ́n bá fláàṣì fóònù, ìyẹn ni pé kí wọ́n tún ètò inú ẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló máa ń lọ. Ẹ ní kó dúró ná. Ẹ má dẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ "Clear data" lórí WhatsApp yín, "Clear cache" ò lè ṣe nǹkan kan, àmọ́ "Clear data" ló máa kó gbogbo ẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á sọ fún yín pé WhatsApp ti ń tọ́jú ẹ̀, pé ó ń ṣe backup, ìyẹn ẹ̀dà tó ń fi pamọ́, lóru. Òótọ́ ni, ní nǹkan bí aago méjì òru ló máa ń ṣe é, àmọ́ orí fóònù yẹn kan náà ló ń tọ́jú ẹ̀ sí! Ohun tó ṣe èmi gan-an nìyẹn. Bàbá mi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti ojú ibùsùn, wọ́n ní kí n máa tọ́jú àwọn àbúrò mi, fóònù wá já bọ́ sí kànga nígbà tí mo ń fa omi, mo ní mo ní backup, backup náà wà nínú kànga. Mo ṣì máa ń gbìyànjú láti rántí bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ni mo rántí, mi ò rántí ohùn.

Tí ẹ bá ti so WhatsApp mọ́ Google, ìyẹn dáa ju òfo lọ, àmọ́ láti 2024 ni wọ́n ti ń ka backup WhatsApp mọ́ 15GB ọ̀fẹ́ tí Google fún yín, fọ́tò yín àti ìméèlì yín dẹ̀ wà nínú 15GB yẹn kan náà. Tó bá kún, backup á dúró, ọ̀pọ̀ èèyàn ò dẹ̀ ní mọ̀. Torí náà ẹ jẹ́ ká gbé ohùn màmá fúnra ẹ̀.

Ẹ ra fláàṣì, kinní kékeré tí wọ́n máa ń kó fáìlì sí (kì í ṣe fláàṣì tí ọmọkùnrin yẹn ń sọ), àti wáyà OTG kékeré tí wọ́n máa ń ki bọ fóònù, tàbí kẹ́ ẹ gbé fóònù àti wáyà ẹ̀ lọ sí ilé kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣí ibi tí fáìlì wà, ẹ wọ fóldà WhatsApp, lẹ́yìn náà Media, ẹ máa rí fóldà kan tí wọ́n pè ní WhatsApp Voice Notes. Tẹ́ ẹ ò bá rí fóldà WhatsApp yẹn níta, inú Android ni kẹ́ ẹ wò, lábẹ́ media. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní fóldà tiẹ̀ níbẹ̀, ohùn gbogbo èèyàn ló pọ̀ mọ́ra wọn nínú ẹ̀, ti màmá, ti oníbàárà, ti ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí ṣà á lórí fóònù tó ń há yẹn, ẹ da gbogbo ẹ̀ kọ. Déètì ọjọ́ tí ohùn kọ̀ọ̀kan wọlé wà lára orúkọ ẹ̀, ẹ lè fara balẹ̀ ṣà á nílé. VLC tí mo dárúkọ lókè yẹn ló máa bá yín gbọ́ ọ, torí irú fáìlì ohùn tí wọ́n ń pè ní opus ni.

Ibi méjì ni kẹ́ ẹ dà á sí o, kó wà lórí fláàṣì, kó tún wà lórí fóònù ọmọ yín tàbí kọ̀ǹpútà àbúrò yín kan. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mẹ́mọ́rì káàdì tó wà nínú fóònù yẹn, torí tó bá jẹ́ pé wọ́n ti fọ́máàtì ẹ̀ láti máa ṣe bí ara fóònù, fóònù míì ò ní lè kà á.

Lẹ́yìn náà la tó máa sọ̀rọ̀ àyè tó kún. Ẹ wọ Settings WhatsApp, ibi tí wọ́n kọ Manage storage sí, ẹ máa rí fídíò àdúrà àti fídíò àwàdà tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn, àwọn yẹn ló ń jẹ àyè, ẹ pa wọ́n rẹ́, kẹ́ ẹ dẹ̀ pa auto-download, èyí tó ń jẹ́ kí fídíò máa wọlé fúnra ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí fóònù yẹn yá padà láì fláàṣì ẹ̀ rárá.

Tí kò bá wá yá, tó di dandan kí wọ́n fọwọ́ kàn án, ẹ kọ́kọ́ gba fóònù ọmọ yín, ẹ wá ohùn màmá kan níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ dé ìparí. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ Àjíkẹ́ níbẹ̀ kedere, ẹ lè gbé fóònù tiyín fún ọmọkùnrin tó ń bá yín tún un ṣe.